Giri, Wárápá, àti Ọmọ Tí A Lé Kúrò ní Kíláàsì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí ọmọ bá ṣubú lulẹ̀ ní kíláàsì ní Múṣín, ní Sùúrùlérè tàbí ní Yábà, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìfófòó sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ni à ń ṣe fún un? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sá jáde. Olùkọ́ pàápàá a fà sẹ́yìn, nítorí wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé ẹni tí itọ́ oníwárápá bá ta sí lára, òun náà yóò di oníwárápá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ti ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ pé kí ó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Irọ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ itọ́ yìí. Wárápá kì í ràn.

Ọpọlọ ni ó ń rán gbogbo ẹ̀yà ara níṣẹ́, agbára tí ó dà bí iná mànàmáná kékeré ni ó sì fi ń rán an. Bí iṣẹ́ náà bá dàrú lójijì, ara a gbọ̀n, tàbí kí iyè ọmọ ra fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ó lè fa ìdàrú yìí pọ̀ láàárín wa: ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí a bí i, ibà tí ó wọ ọpọlọ, àrùn tí ń mú ọrùn le gbagidi, orí tí ó fọ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà. Ọmọ tuntun tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ náà wà nínú ewu, nítorí bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, oró náà lè ba ọpọlọ jẹ́. Káńfọ̀ funfun tí à ń kó sáàárín aṣọ ọmọ sì lè dá kún un.

Giri yàtọ̀ sí wárápá, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Ibà gbígbóná ni ó ń fa giri fún ọmọ oṣù 6 sí ọmọ ọdún 5. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́, kì í sì í ba ọpọlọ jẹ́. Ohun tí ń ba ọmọ jẹ́ púpọ̀ ni ohun tí a ń ṣe sí i. Wọn a gbé ìgò kalẹ̀: ìtọ̀ màlúù tí a rẹ ewé tábà, àlùbọ́sà, aáyù àti efinrin sí. A kò bá àwọn ìyá wa àgbà jà, ìfẹ́ ọmọ ni ó ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa ewu àgbo yìí. Ó lè dá èémí ọmọ dúró, ó sì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, tí giri tí ìbá lọ fúnra rẹ̀ yóò fi di èyí tí kò lọ mọ́. Àwọn mìíràn a ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, wọn a fi ata sí i lójú. Giri a máa lọ. Àpá iná kì í lọ.

Ẹ yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì gbé bẹ́ǹṣì kúrò nítòsí. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun mu. Ẹ wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí bí ọrùn rẹ̀ bá le, tàbí bí kò bá jí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí giri ìbà mú, kódà bí ó ti dá, kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin olùkọ́, wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú rárá, òun ni ó sì ń jẹ ẹgba jù. Ọmọ ń kàwé lọ. Ó dákẹ́ lójijì, ó tẹjú mọ́ ibì kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó padà sí ìwé rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀ lóòjọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nígbà tí iyè rẹ̀ kò sí nílé ti bọ́, ẹ sì ń pè é ní olódo, ẹ ń pè é ní olóríkunkun. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ń wo ojú fèrèsé ni ó ní wárápá o. Òmíràn ń ronú bọ́ọ̀lù. Ẹ pè é, kí ẹ fọwọ́ kàn án léjìká: ẹni tí ń ronú bọ́ọ̀lù yóò ta gìrì, ṣùgbọ́n èkejì kò ní gbọ́ títí yóò fi kọjá.

Oògùn wà. Láti ọdún 1912 ni a ti ń lo phenobarbitone, kò sì wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá láyé, pé bí a bá tọ́jú wọn bí ó ti yẹ, ènìyàn 7 nínú 10 lè wà láìní gbọ̀n mọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dá oògùn náà dúró nítorí pé ara ti yá. Dókítà nìkan ni ó lè dín in kù, díẹ̀díẹ̀.

Ilé-Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Èkó, tí ó ti wà ní Ìdí-Àràbà láti ọdún 1962, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Múṣín àti Sùúrùlérè. Ti Yábà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ni ọ̀pọ̀ òbí ń sá fún, nítorí pé Yábà Lẹ́fùtì ni ọ̀rọ̀ èébú tí a fi ń bú wèrè ní Èkó. Ilé-ìwòsàn náà ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tí ó wà fún àwọn ọmọdé. Ìtìjú èébú kò tó ohun tí a fi ń dá ọmọ lóró.

Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Múṣín wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, a kò gbọ́ pé ó yọ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n sílẹ̀. Òfin ètò-ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 pàápàá sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó sì di dandan fún gbogbo ọmọ. Àṣẹ wo ni ọ̀gá ilé-ìwé wá fi ń ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ? Ìwé tí ó yẹ kí ó fi rán sí i ni èyí tí olùkọ́ kọ ọjọ́ sí, tí ó kọ aago tí ìgbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí sí, àti apá tí ó kọ́kọ́ gbọ̀n. Kí ìyá náà mú un dání lọ sí Ìdí-Àràbà, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ gbọ̀n níwájú dókítà.