Lórí Àpáta tàbí Lábẹ́ Rẹ̀? Ìtumọ̀ Òkè nínú Àwòrán àti nínú Ìtàn Yorùbá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ohun tí òkè àti àpáta dúró fún wò. Ilẹ̀ Longbridge tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó dàgbà níbẹ̀ lè má mọ òkè kankan ju “òkè ìṣòro” tí wọ́n máa ń gbàdúrà lé lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan ṣoṣo kọ́ nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ Caspar David Friedrich, ayàwòrán ará Jámánì. Nínú àwòrán rẹ̀ kan tó gbajúmọ̀, tó yà ní nǹkan bí ọdún 1818, ọkùnrin kan dá dúró lórí àpáta, ó ń wo ìkùukùu tó wà nísàlẹ̀. Òkè ti di ibi tí èèyàn ti ń wo ayé, tó sì ń ro ara rẹ̀ wò.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ tú orúkọ ìlú náà: abẹ́ + òkúta. Lọ́dún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nílé, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ, wọ́n sì fi ihò rẹ̀ ṣe ibi ìsápamọ́sí. Wọn ò wá wo ìran. Ààbò ni wọ́n ń wá.

Bákan náà ni ti Ìbàdàn. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun fọ́ ìlú àkọ́kọ́, Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gorí òkè, wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín. Òkè yẹn ni wọ́n ń bọ bí ìyá nínú ọdún Òkèbàdàn.

Ṣé àwọn òyìnbó ò mọ òkè bí ààbò ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwòrán Friedrich mìíràn, Winter Landscape (nǹkan bí ọdún 1811), jẹ́ ti National Gallery ní London. Nínú rẹ̀, arọ kan fẹ̀yìn ti òkúta nínú yìnyín, ó ń gbàdúrà níwájú àgbélébùú. Ó ti ju àwọn ọ̀pá tó fi ń rìn sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n gbé e kọ́, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin District ní Upney, kí ẹ sọ̀ ní Embankment, kí ẹ lọ wò ó. Ọ̀fẹ́ ni.

Nítorí náà, nínú iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ má kàn kọ pé òkè dúró fún ìṣòro. Ẹ bèèrè pé: níbo lèèyàn wà? Ṣé ó dúró lórí òkè ni, ṣé ó fẹ̀yìn tì í ni, àbí ó sá sábẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn òbí yín nípa òkè ìlú wọn, àti ohun tí àwọn baba ńlá wọn ń sá fún kí wọ́n tó dé ibẹ̀.