Eré Ogun Orí Tábìlì: Bí Ìjà Kan Ṣe Ń Bí Òmíràn

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ kan ni eré ogun orí tábìlì máa ń parí. Ẹni méjì á to ère ọmọ ogun kéékèèké síwájú ara wọn, wọ́n á fi rúlà wọn ìrìn wọn, wọ́n á ju dáìsì títí ẹnì kan á fi borí. Ti ogun àtẹ̀léra, níbi tí èsì ìjà kan ti ń wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e, yàtọ̀. Ẹni tó kú lánàá ò ní sí lójú ìjà lónìí, ìlú tí ọ̀tá bá sì gbà ti lọ nìyẹn.

Tony Bath, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí. Ó ya máàpù Hyboria, ilẹ̀ inú ìtàn Conan tí Robert E. Howard kọ, ó sì pín àwọn ìjọba ibẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Káàdì ló fi ń mọ ìwà ìjòyè kọ̀ọ̀kan, bóyá olóòótọ́ ni àbí ọ̀dàlẹ̀.

Àmọ́ eré Mordheim, tí ilé iṣẹ́ Games Workshop gbé jáde ní 1999, ló fi bí ogun àtẹ̀léra ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn jù. Owó wúrà 500 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ìjà bá parí, wọ́n á ju dáìsì fún gbogbo ẹni tó ṣubú. Bí ti ọmọ ẹ̀yìn bá já sí 1 tàbí 2, ó kú nìyẹn. Olórí lè yè é, síbẹ̀ kó fi ojú kan lọ, tàbí kí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ dín ìrìn rẹ̀ kù títí ayé. Nítorí èyí, ẹni tó ń ta eré náà á máa rò ó dáadáa kó tó sọ pé òun ò ní sá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó ń bí owó. Ẹni tó ń borí á máa ra ohun ìjà kún ohun ìjà, ẹni tó ń pàdánù á jókòó sílé rẹ̀. Mordheim wá nǹkan ṣe sí i: bí ikọ̀ tí kò lágbára bá kojú èyí tó jù ú lọ dáadáa, àwọn tó bá yè nínú rẹ̀ á jèrè ìrírí sí i, bí ikọ̀ náà bá tiẹ̀ pàdánù. Òfin tó dára jù nínú eré náà nìyẹn lójú tèmi.

Ní 2004, Games Workshop pe àwọn tó ń ta eré rẹ̀ káàkiri ayé sí ogun àtẹ̀léra kan tó ń jẹ́ Storm of Chaos, èsì ìjà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló sì ń darí ìtàn. Archaon, olórí ogun Chaos nínú ìtàn náà, ò rí ìlú Middenheim tó gbógun tì gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ogun àtẹ̀léra tiyín sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọjọ́ tó máa parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá pẹ́ dé.