Alùpùpù Kò Dáhùn sí Bọ́tìnnì: Níbo Ni Àrùn Wà?

Ní Minanata, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò mìíràn nínú ìlú Sókótó, alùpùpù kékeré ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ó wá iṣẹ́ ajé wá sí Òkè Ọya. Òun ni ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé, tí ó ń gbé aránṣọ dé ilé oníbàárà, tí ó sì ń gbé ìyá ọlọ́jà dé ìsọ̀. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ tí a bá tẹ bọ́tìnnì sítátà tí ẹ̀rọ kò dáhùn, kì í ṣe alùpùpù nìkan ni ó dúró. Oúnjẹ òòjọ́ náà dúró.

Ìkánjú ni ó ń sọ ọ̀ràn kékeré yìí di gbèsè. Ẹlòmíràn yóò sáré ra sítátà tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà kan tí kò dì ni ó fa gbogbo wàhálà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀sọ̀ tọ ọ̀nà tí iná ń gbà.

Ní 1911 ni Charles Kettering ṣe sítátà oníná tí ó wúlò fún mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Mọ́tò Cadillac ti 1912 ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń ṣẹ́ ènìyàn lápá. Nínú alùpùpù wa, bọ́tìnnì kì í gbé iná ńlá fúnra rẹ̀. Iná kékeré ni ó ń rán sí rìléè. Rìléè ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún iná ńlá láti inú bátìrì lọ sí sítátà.

Èkíní, ẹ fún bíréèkì. Ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì kì í jí bí a kò bá fún un. Bí iná bíréèkì ẹ̀yìn kò bá tàn, tí gílóòbù rẹ̀ sì dára, swíìṣì bíréèkì ni kí ẹ fura sí. Ẹ fún bíréèkì ọwọ́ kejì wò.

Èkejì, ẹ yẹ bátìrì wò. Bí fèrè kò bá dún ketekete, ó ṣeé ṣe kí agbára rẹ̀ ti tán. Bátìrì fóòtì 12 tí ó kún yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn lórí mítà. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 12.2 lọ, ó ń fẹ́ ṣáájì. Ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì. Bí ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bò wọ́n, ẹ tú wáyà ti àmì àyọkúrò ṣáájú, ẹ fi sánpépà nu wọ́n, kí ẹ sì dì wọ́n le.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi etí sílẹ̀. Bí rìléè bá ń dún kó-kó-kó, bátìrì kò lágbára tàbí wáyà kò dì. Bí kò bá dún rárá, ẹ wo fíúsì, swíìṣì, bọ́tìnnì, lẹ́yìn náà rìléè fúnra rẹ̀. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí bátìrì sì dára, ó lè jẹ́ pé kábọ̀nù inú sítátà ti jẹ tán. Kábọ̀nù kò sì wọ́n tó odindi sítátà. Bí sítátà bá ń yí tí ẹ́ńjìnnì kò yí, eyín tí ó so wọ́n pọ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

Ẹ má ṣe fi wáyà tàbí bébà sìgá rọ́pò fíúsì tí ó jó. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti mú olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wáyà ni yóò gbiná lábẹ́ ìjókòó. Nọ́ńbà fíúsì kan náà ni kí ẹ fi sí i. Bí ó bá tún jó, wáyà kan ti bó níbì kan.

Oòrùn Sókótó, tí ó ń kọjá ìwọ̀n 40 láàrin oṣù Ẹrẹ́nà sí Èbìbí, máa ń gbẹ omi bátìrì. Bí tiyín bá ní ìdérí tí ó ń ṣí, omi bátìrì tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe ásíìdì. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú máa ń wọ inú swíìṣì.

Kí ẹ tó ra bátìrì tuntun, ẹ ta kíìkì, kí ẹ wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí mítà kò bá tó 13.5 sí 14.5, alùpùpù kò ṣáájì bátìrì, tuntun náà yóò sì kú láìpẹ́. Ẹ má sì ti alùpùpù oníbẹ́líìtì pé kí ó lè jí. Àárẹ̀ lásán ni.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rìwáyà, ẹ má wí pé sítátà bàjẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ àti iye tí mítà fi hàn. Bí èdè Haúsá kò bá tíì yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ má bẹ̀rù: àwọn náà ń pe wáyà ní "waya", wọ́n sì ń pe bátìrì ní "batir". Ẹni tí ó lè sọ ibi tí ó ń dun ẹ̀rọ rẹ̀, owó rẹ̀ kì í dédé ṣòfò.