Ohun tí Etí Ọmọ Yorùbá Gbọ́ ní Ṣáínà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ yìí dé oko bàbá ẹlòmíràn ní ìsinmi gígùn tí ó kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a lò ní ìlú Beijing, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí a ń kọ́ èdè àti àṣà wọn. Láti ìgbà tí a ti dé, ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń bi wá kò lóǹkà. Àwọn kan ń béèrè nípa oúnjẹ, àwọn kan ń béèrè nípa ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré bí ẹ̀fúùfù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ni pé, "Báwo ni ẹ ṣe rí èdè yẹn gbọ́?" Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ kan gbogbo wa, títí kan ẹni tí kò ní í fi ẹsẹ̀ tẹ Ṣáínà láéláé.

BÍ A ṢE Ń LỌ

Ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1971 ni Nàìjíríà àti Ṣáínà fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò máa bá ara wọn ṣe. Lónìí, ọ̀nà tí ó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ láti kọ́ èdè wọn ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Confucius Institute. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọrí Confucius, olùkọ́ àgbà tí wọ́n ní a bí ní ọdún 551 ṣáájú ìbí Jésù. Ọdún 2004 ni wọ́n dá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀, ní ìlú Seoul ní Kòríà. Ní ilẹ̀ wa, ó wà ní Yunifásítì Èkó, ó sì wà ní Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka.

Ẹni tí ó bá kọ́ èdè náà lè ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní HSK. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa lè rí ààyè lọ fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ tètè béèrè ẹni tí yóò san owó. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí ó gbàlejò ni yóò fúnni ní oúnjẹ àti ibùsùn, àlejò ni yóò wá owó ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀. Físà tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní í lò ju 180 ọjọ́ lọ ni X2. Kí ẹ má sì gbàgbé pé wákàtí méje ni Beijing fi ṣáájú wa. Bí ẹ bá pe ilé ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ níbẹ̀, agogo kan òru ni ẹ jí ìyá yín.

Ní ojoojúmọ́, èdè ni à ń kọ́ ní àárọ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n á kọ́ wa bí a ṣe ń fi gègé onírun kọ̀wé, bí a ṣe ń gé bébà pupa sí oríṣiríṣi àwòrán, àti bí a ṣe ń ta taijiquan, ìjà tí wọ́n ń ta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń jó. Bí a bá gba inú ọgbà ìgbafẹ́ kọjá ní ìdájí, àwọn bàbá àti ìyá àgbà ni à ń bá níbẹ̀ tí wọ́n ń ta á.

OHÙN NI Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè yín. Èdè Ṣáínà tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé, Mandarin, jẹ́ èdè olóhùn gẹ́gẹ́ bí ti wa. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Ohùn ni ó yà wọ́n. Bákan náà ni ní Ṣáínà. "Mā" ni ìyá, "má" ni ewéko kan tí wọ́n ń fi fọ́nrán rẹ̀ ṣe okùn, "mǎ" ni ẹṣin, "mà" ni kí a bú ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ìyá tí ó ṣi ohùn, ẹṣin ni yóò pè.

Mẹ́ta ni ohùn tiwa: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Mẹ́rin ni tiwọn, yàtọ̀ sí ohùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan tí wọn kì í fi àmì sí. Báyìí ni àwa ṣe há wọn sórí:

Ohùn kìn-ín-ní wà ní òkè, kì í sì í mì. Ẹ pe "wá" kí ẹ sì fà á díẹ̀, ẹ ti dé ibẹ̀. Ohùn kejì ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹ pe "yìí" kí ẹ gbọ́ bí ohùn yín ṣe ń gun òkè. Ohùn kẹta wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí a bá pe "rà". Bí ènìyàn bá dá a pè láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, yóò tún gòkè díẹ̀ ní ìparí. Ohùn kẹrin ń já láti òkè wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí a bá pe "náà". Ní ti èyí tí kò ní àmì, ẹ gbọ́ ọ nínú "ma" tí wọ́n fi ń parí ìbéèrè. Iṣẹ́ tí "bí" ń ṣe nínú "Ó ti dé bí?" ni "ma" yìí ń ṣe fún wọn.

Ibi tí ó ti fẹ́ rú wa lójú ni pé bí ohùn kẹta méjì bá tẹ̀lé ara wọn, èkínní yóò di ohùn kejì. "Nǐ hǎo" ni wọ́n ń kọ fún ìkíni, ṣùgbọ́n "ní hǎo" ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn. A kò jẹ́ purọ́ fún yín, a ṣìṣe. Ọ̀kan nínú wa béèrè "tāng", èyí tí í ṣe omi ọbẹ̀, ní ilé oúnjẹ. "Táng" ni ó pè, ṣúgà ni wọ́n sì gbé wá fún un. Òmíràn fẹ́ ra bàtà ní ọjà. Dípò "mǎi", tí í ṣe kí a rà, ó ní "mài", tí í ṣe kí a tà. Ìyá ọlọ́jà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ àwọn ohùn náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan tí wọ́n ti ilẹ̀ Yúróòpù wá ṣì ń jà fitafita pẹ̀lú rẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí ni a jẹ tí etí wa fi mú bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́n jù wọ́n lọ. Láti orí ẹ̀yìn ìyá wa ni etí wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí ó bá lè gbọ́ ohun tí gángan ń wí, tí kò sì sí kọńsónáǹtì kan lẹ́nu igi rẹ̀, kò yẹ kí ohùn mẹ́rin bà á lẹ́rù.

BÍ ẸNI PÉ ILÉ NI A WÀ

Ohùn nìkan kọ́ ni ó jọ tiwa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òyìnbó kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹ̀gbọ́n tàbí fún àbúrò. Àwọn ará Ṣáínà ní i. "Gēge" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "jiějie" ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, "dìdi" ni àbúrò ọkùnrin, "mèimei" ni àbúrò obìnrin. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: àwa ń wo ọjọ́ orí nìkan, àwọn ń wo ọjọ́ orí, wọ́n tún ń wò ó bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wọ́n ní "nǐ" fún ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n sì ní "nín" fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, bí àwa ṣe ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Wọn kì í pe olùkọ́ ní orúkọ lásán. Bí olùkọ́ bá ń jẹ́ Wáng, "Wáng lǎoshī" ni wọn yóò pè é, èyíinì ni Wáng olùkọ́.

Nídìí oúnjẹ, àárín tábìlì ni wọ́n ń gbé àwo ọbẹ̀ sí, gbogbo ènìyàn á sì máa mú níbẹ̀. Ọmọdé kì í sáré ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ṣáájú àgbà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í gún un lóòró sínú ìrẹsì, nítorí ó jọ tùràrí tí wọ́n ń jó fún òkú. Bí ẹ bá fẹ́ fún àgbà ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbá lọ́wọ́ nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí?

A dé ààfin àwọn ọba wọn àtijọ́, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1406 sí 1420, tí ọba 24 sì gbé inú rẹ̀. Ó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1925. A gun Odi Ńlá náà pẹ̀lú. Ní ọdún 2012, àwọn tí ó wọ̀n ọ́n kéde pé gbogbo odi tí àwọn ìran ọba wọn mọ, bí a bá ṣe é pọ̀, gùn tó kìlómítà 21,196. Bí a ti dúró lórí odi náà, ọ̀kan nínú wa ní, "Ta ni ó ti rí Erédò Súngbọ́ rí nínú wa?" Odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó ń wí, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Kò sí ẹni tí ó na ọwọ́.

ỌJỌ́ TÍ OJÚ TÌ WÁ

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a padà sílé ni olùkọ́ wa sọ fún kíláàsì pé èdè àwọn ará Nàìjíríà wọ̀nyí ní ohùn bíi ti Ṣáínà. Ó ní kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde wá, kí a kọ orúkọ wa sára pátákó, kí a sì fi àmì ohùn sí i kí àwọn yòókù lè rí i.

Ẹ̀yin ará, ẹnìkan ṣoṣo ni ó kọ tirẹ̀ délẹ̀. Ẹnì kejì kọ orúkọ láìsí àmì rárá. Ẹnì kẹta ń da àmì sí i bí ẹni ń da iyọ̀ sínú ọbẹ̀. Ẹnì kẹrin ní èdè wa kò nílò àmì, pé bí ènìyàn bá ti ka gbólóhùn dé ìparí, yóò mọ ohun tí a ń wí. Olùkọ́ kò bá a jà. Ó kàn ní, "Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ti mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni ó sọ. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní pinyin, ìlànà tí ń fi lẹ́tà bíi A, B, D kọ èdè wọn pẹ̀lú àmì ohùn. Ọdún 1958 ni ìjọba wọn fi àṣẹ sí i. Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ọdún 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè wa sílẹ̀. A tún un ṣe ní ọdún 1974. Ìpàdé ti Èkó nìkan fi 83 ọdún ṣáájú pinyin. Ohun tí ó ti wà nílé wa kí a tó bí bàbá bàbá wa ni a kò lè kọ sí pátákó.

Èyí tí ó wá dùn wá jù ni pé àwa gan-an ni a nílò àmì jù wọ́n lọ. Bí ọmọ Ṣáínà bá dàgbà, ó lè kọ̀wé láìfi àmì ohùn sí i, nítorí pé hànzì ni ó ń kọ, èyíinì ni ìkọ̀wé wọn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní ojú tirẹ̀. "Rà" wọn kò jọ "tà" wọn lójú ìwé. Àmì kékeré bí àgbélébùú wà lórí "tà". Bí etí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀, ojú yóò rí i. Ìyà tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó dé ibẹ̀ kò kéré, nítorí 3,500 ni hànzì tí ó wà nínú àkójọ àwọn tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1988. Lẹ́tà 25 péré ni tiwa. Bí a bá yọ àmì kúrò lórí rẹ̀, kí ni yóò kù? Ẹ kọ "igba" láìsí àmì. Ṣé igba náírà ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi, àbí ìgbà òjò, àbí ìgbá tí a ń sè lọ́bẹ̀?

Àwọn kan yóò ní, "A ṣáà ń kà á." Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Oǹdó ń kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí ni a bí sí ìlú tí à ń gbé yìí, tí wọn kì í gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ilé bàbá wọn. Àmì yẹn ni ẹ̀gbọ́n tí yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Ọlá, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní "ọ̀la" láti ọdún kìn-ín-ní, wọ́n ti sọ iyì tí bàbá rẹ̀ fún un di ọjọ́ tí kò tíì dé. Ní ọdún 2019, ìròyìn jáde ní ilé wa pé yunifásítì kan ní Beijing, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè ilẹ̀ òkèèrè, ti fi Yorùbá kún èdè tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ ronú sí i: bí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bá kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú àmì ohùn pípé, ta ni yóò fèsì fún un?

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ A ṢE

A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lórí fóònù. Nǹkan méjì péré ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, kí a máa fi ìlàjì wákàtí kọ́ àmì ohùn kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ṣe Yorùbá ní ìdánwò àṣekágbá girama lè kọ́ wa, kò ní í ná wa ní kọ́bọ̀. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ orúkọ sínú ìwé ìpàdé mọ́ láìsí àmì rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, kí ó pe àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì fi etí sílẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ní ti ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Ṣáínà, ọ̀nà rẹ yóò dára. Etí tí o gbé wá láti ilé yóò ṣe ọ́ lóore lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ orúkọ ara rẹ kọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kọ tiwa báyìí, a sì ti fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, ẹ mú bírò dání.