Kòkó Ìfọ̀n àti Ọjà Ayé

Nígbà tí ọjà bá dára, ènìyàn díẹ̀ ni í bèèrè ẹni tí ń dá iye lé ohun tí a ń tà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2024 wá, ìbéèrè náà ti wọ ilé púpọ̀ ní Ìfọ̀n níhìn-ín.

Ilẹ̀ Ivory Coast àti Gánà ni ó ń mú ju ìdajì kòkó ayé jáde. Nígbà tí òjò àpọ̀jù àti àrùn igi kòkó ba ìkórè wọn jẹ́ ní ọdún 2023 sí 2024, kòkó wọ́n gógó, tó bẹ́ẹ̀ tí tọ́ọ̀nù kan fi ju 12,000 dọ́là lọ ní ọjà New York ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Àgbẹ̀ wa kò ya ọ̀lẹ, kòkó rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ni ó gbé e gòkè tí ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Láti ọdún 1947 ni Ìgbìmọ̀ Ìtajà Kòkó ti ń dá iye kan lé kòkó fún àkókò ìkórè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa dá apá kan owó àgbẹ̀ dúró. Ní ọdún 1986 ni Ìjọba tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Láti ìgbà náà, ojúkojú ni àgbẹ̀ ń bá ọjà ayé pàdé.

Ọ̀ràn mìíràn sì ń bọ̀. Ní ọdún 2023 ni Ìparapọ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí ó ti ibi tí a pa igbó run lẹ́yìn ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, àti pé kí ẹni tí ń gbé e wọlé lè fi oko tí ó ti wá hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, ṣùgbọ́n sísún síwájú kì í ṣe píparẹ́. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára igbó ọba kíyèsára.

A mọ ilé kan tí kòkó ọdún 2024 fi òrùlé páànù bò. A sì mọ òmíràn tí bàbá ra alùpùpù ní àwìn, tí ó fi ìkórè tí kò ì tíì wọlé ṣe ìdúró. Nígbà tí iye já wálẹ̀, àwọn ọmọ ni a dá padà láti ilé-ìwé. Ìyá wọn, ẹni tí ó ń sá kòkó náà lójoojúmọ́, kò mọ iye tí a tà á rí.

Ẹ̀yin ará, a kò lè pàṣẹ fún New York, ṣùgbọ́n a lè tún ilé wa ṣe. Kí tọkọtaya jọ máa kọ iye tí wọ́n tà àti iye tí wọ́n ná sínú ìwé. Kí a wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí; ẹgbẹ́ ni yóò lè wọn oko, tí yóò sì lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Jósẹ́fù kò dúró de ìyàn kí ó tó kó ọkà jọ.