Orí Tí Ń Fọ́ni Lójoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Kò sí ilé tí kò mọ orí fífọ́. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà dókítà nípa àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú Igbó-Ọrà, wọ́n sì bi àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000 léèrè. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó sọ pé ẹ̀fọ́rí ti ṣe àwọn rí. Bí ẹ bá ka ọgọ́rùn-ún nínú wọn, nǹkan bí márùn-ún ni ti tiwọn le débi pé túúlu ni ó ń ṣe wọ́n.

Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí tí ó wá lónìí tí ó sì lọ lọ́la ni mo fẹ́ sọ. Èyí tí ó di àlejò tí kò mọ ilé lọ ni mo ń wí. Àwọn dókítà ní bí orí bá ń fọ́ ènìyàn ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù 3 ó lé, ó ti fìdí kalẹ̀ sí i lára nìyẹn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣe kì í lè ṣiṣẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá á máa jágbe mọ́ ọmọ. Bàbá á máa sá fún àwùjọ. Ọmọ ilé-ìwé á gbé orí lé tábìlì. Nítorí pé a kò rí egbò, tí a kò rí wíwú, àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ó ń díbọ́n. Nígbà tí ó bá sì pẹ́, a óò bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀: ìyàwó á máa wo ìyá ọkọ, ìyá ọkọ náà á máa wo ìyàwó. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ nínú ara kí a tó wá a lọ́dọ̀ ọmọ aráyé.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ọpọlọ tí ó wà nínú agbárí, tí gbogbo ìrora ara ń lọ jẹ́ iṣẹ́ fún, òun fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Dókítà oníṣẹ́ abẹ lè fọwọ́ kàn án nígbà tí aláìsàn kò sùn, kò sì ní dùn ún. Ohun tí ń dunni ni awọ tí ó bo ọpọlọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí i ká, àti ẹran ara orí àti ti ọrùn. Ojú, imú àti eyín náà ń fi ìrora tiwọn ránṣẹ́ gba ọ̀nà kan náà. Ìdí nìyí tí eyín fi lè jẹrà, kí ó jẹ́ pé ẹ̀bátí ni yóò máa dunni. Ìdí nìyí tí ọrùn fi lè le nítorí iṣẹ́ àtìbẹ̀rẹ̀ sùn, kí ó jẹ́ pé ìpàkọ́ ni yóò máa fọ́.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ẹ̀fọ́rí pín sí. Ọ̀kan jẹ́ ìránṣẹ́ àìsàn mìíràn. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ ni àìsàn. Ibà ni ó ń rán ìránṣẹ́ yìí sí wa jù lọ. Ṣùgbọ́n ibà kì í rán ìránṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Bí a bá ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, tí a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, tí orí sì tún ń fọ́, kí a mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé onílé ni a ń kàn.

Nínú èyí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àìsàn, méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ti àkọ́kọ́ máa ń fún orí pọ̀ yí ká, bí ẹni pé wọ́n so gèlè tí ó le jù mọ́ ènìyàn lórí. Ìhà méjèèjì ni ó máa ń dùn, kì í sábà mú èébì wá, ènìyàn a sì máa rọ́jú ṣiṣẹ́. Àárẹ̀, àìsùn, ìrònú àti ọrùn tí ó le ni ó ń bá rìn. Èkejì ni túúlu. Òun a sábà máa mú ìhà kan orí, a máa lù kì-kì-kì bí ọkàn ti ń lù, a máa mú èébì wá, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo a sì di ọ̀tá aláìsàn. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4, ó sì lè tó ọjọ́ 3. Àwọn mìíràn a máa rí ohun tí ń kọ mànà níwájú ojú wọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ṣe aríran, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan dọdẹ wọn: ọpọlọ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Túúlu a máa bá ìdílé rìn, àwọn obìnrin ni ó sì ń bá jà ju ọkùnrin lọ, pàápàá ní àsìkò nǹkan oṣù wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ àwọn ohun tí ó máa ń ru ẹ̀fọ́rí sókè wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ojú. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fetí sílẹ̀. Ọmọ tí orí rẹ̀ kì í fọ́ nígbà tí ó bá jí láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí í fọ́ nígbà tí ó bá ti wo pátákó ìkọ̀wé fún wákàtí mélòó kan, tí ó ń fún ojú pọ̀, tí ó ń da ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ, ẹ má tètè pè é ní olódo. Ẹ gbé e wá sí ìjókòó iwájú, kí ẹ sì sọ fún òbí rẹ̀ kí wọ́n mú un lọ yẹ ojú wò. Mo ti rí ọmọ tí ó wà nídìí kíláàsì tí awò ojú lásán gbé dé àárín àwọn tí ó mọ̀wé jù lọ.

Èkejì ni ebi, òùngbẹ, oòrùn àti àìsùn. Ẹni tí ó jẹun alẹ́ ní aago méje tí kò tún fi nǹkan kan ẹnu títí di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí ó sì dúró nínú oòrùn láìmu omi, ẹjọ́ orí rẹ̀ kọ́ bí ó bá ń fọ́. Kí onítúúlu pàápàá má ṣe fi àsìkò oúnjẹ àti àsìkò orun ṣeré.

Ẹ̀kẹta ni obì. Ohun kan náà tí ó wà nínú kọfí àti tíì, tí ń lé oorun lọ, ni ó wà nínú obì. Ara tí ó ti mọ́ ọn lójoojúmọ́ yóò bèèrè rẹ̀. Bí ènìyàn bá dá a dúró lójijì, láàárín ọjọ́ kan, orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìyẹn wà lára ìdí tí orí fi máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ará wa Mùsùlùmí ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò ti máa dín obì àti kọfí kù díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ààwẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èéfín. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ẹ̀yìn fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti iná èédú tí a gbé wọ inú yàrá, ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí gbogbo ẹni tí ó sùn nínú yàrá kan bá jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, tí ó sì ń lọ nígbà tí wọ́n bá jáde síta, kí wọ́n má ṣe sùn síbẹ̀ ní òru ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ yìí ti pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí orí kò bá fọ́ àwọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn kò ru. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọhùn. Ó di ìgbà tí ó bá ga gidigidi, bíi 180 lórí 120, kí ó tó máa fọ́ni lórí. Nítorí náà, kí a má ṣe dúró de ẹ̀fọ́rí kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Kí ẹni tí orí rẹ̀ sì ń fọ́ máa wọn ọ́n pẹ̀lú.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ń ta aṣọ. Orí fọ́ ọ, ó lo hóró oògùn méjì, ó sì rí ìdẹ̀ra. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún lò ó. Nígbà tí ó yá, kò lè lọ sí ọjà láìlò ó. Ó di pé kí ilẹ̀ tó mọ́, orí ti ń fọ́. Bí oògùn bá dé inú, á dẹwọ́. Bí oògùn bá lọ, á padà. Ìyá yìí rò pé àìsàn ni ó ń le sí i. Oògùn ni ó ti di àìsàn! Ẹni tí ó bá ń lo oògùn apàrora lásán ní ọjọ́ 15 nínú oṣù, tàbí èyí tí a po oríṣiríṣi pọ̀ sí ojú kan ní ọjọ́ 10, fún ohun tí ó ju oṣù 3 lọ, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀fọ́rí di ti ojoojúmọ́.

Ibẹ̀ nìkan kọ́ ni ó mọ. Aspirin àti ibuprofen tí a ń lò láìsinmi lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù tí ó bá ju hóró 8 ti 500 mg lọ ní ọjọ́ kan lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, a sì gbọ́dọ̀ rántí pé ó máa ń wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn náà. Láyé ìjọ́un, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní phenacetin, tí wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ aspirin fún ẹ̀fọ́rí. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bàjẹ́ kí ayé tó mọ̀. Ọdún 1983 ni Amẹ́ríkà tó yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ.

Kí ni kí ìyá wa ṣe? Kí ó lọ bá dókítà, kí ó sì sọ òótọ́ iye hóró tí ó ń lò. Dókítà yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe jáwọ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, orí yóò fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá padà, wọn kò sì mọ̀ pé etí odò ni àwọn ti dé. Ẹni tí ó bá fara dà á, láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ̀fọ́rí ojoojúmọ́ náà a sábà máa tú ká. Bí túúlu bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ rẹ̀, oògùn wà tí dókítà lè fún un láti máa dènà rẹ̀, irú bíi propranolol àti amitriptyline. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kì í ṣe oògùn tí a ń rà fúnra ẹni: propranolol lè pa onísẹ̀ẹ́mí lára.

Ìwádìí tí ó dára jù kò ní ju owó ìwé ìkọ̀wé kan lọ. Ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ìhà ibi tí ó ti fọ́. Oúnjẹ àti oorun ti àná. Ọjọ́ nǹkan oṣù bí ó bá jẹ́ obìnrin. Àti gbogbo hóró tí ẹ lò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ sì gbé e lọ fún dókítà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ọmọ máa bá òun kọ ọ́. Ìwé náà yóò sọ ohun tí ẹnu gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí mìíràn wà tí kò gba ìwé kíkọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Èyí tí ó dé lójijì bí ìgbà tí ààrá sán, tí ènìyàn kò rí irú rẹ̀ rí. Èyí tí ó bá ara gbígbóná àti ọrùn líle wá, nítorí yínrùnyínrùn. Èyí tí ó mú apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ó mú ẹnu wọ́. Èyí tí ó tẹ̀lé ìṣubú tàbí jàǹbá ọkọ̀. Ti aboyún tí oyún rẹ̀ ti ju oṣù márùn-ún lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Bákan náà, ẹ̀fọ́rí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹni 50 ọdún, tàbí èyí tí ń le sí i lójoojúmọ́ pẹ̀lú èébì àárọ̀, kò yẹ kí a fi falẹ̀.

Àwọn yòókù, ẹ ṣe sùúrù pẹ̀lú wọn. Bí túúlu bá mú ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ tètè fún un ní oògùn rẹ̀ kí ó tó rinlẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ dín ohùn rédíò kù, ìbáà jẹ́ èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ìrora tí a kò fojú rí, ìrora náà ni.

Ó dìgbà kan ná o. Kí orí gbogbo wa tù wá lára.