Ìrìn-àjò Cortázar àti Dunlop láti Paris dé Marseille

Ìrìn-àjò Cortázar àti Dunlop láti Paris dé Marseille jẹ́ ìrìn-àjò tí òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Argẹntínà, Julio Cortázar, àti ìyàwó rẹ̀, Carol Dunlop, rìn ní ilẹ̀ Faransé láti ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1982. Ọkọ̀ Volkswagen pupa kan, tí wọ́n ń sùn sí tí wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀, ni wọ́n fi rin ìrìn náà. Ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ yòókù ń rìn parí láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi odidi oṣù kan rìn, nítorí wọ́n ti ṣèpinnu pé àwọn kò ní sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òpópónà márosẹ̀ náà rárá, àti pé ibi ìsinmi méjì ni àwọn yóò máa dúró sí lójúmọ́. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ìrìn-àjò náà, Los autonautas de la cosmopista, jáde ní ọdún 1983. Dunlop kò fi ojú rí ìwé náà. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1982, Cortázar nìkan ni ó sì parí rẹ̀.

Àwọn arìnrìn-àjò

A bí Julio Cortázar ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1914 ní Ixelles, ní agbègbè ìlú Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Ọmọ Argẹntínà ni àwọn òbí rẹ̀, ní Argẹntínà ni ó sì dàgbà sí. Ó kó lọ sí Paris ní ọdún 1951, níbi tí ó ti ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ fún àjọ UNESCO. Ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Rayuela, tí ó jáde ní ọdún 1963, wà lára àwọn ìwé tí ó sọ àwọn òǹkọ̀wé Látìnì Amẹ́ríkà di ìlú-mọ̀ọ́ká káàkiri àgbáyé. Ní ọdún 1981, ìjọba ilẹ̀ Faransé fún un ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀.

A bí Carol Dunlop ní ọdún 1946 ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ó lọ gbé ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí ó ti ń fi èdè Faransé kọ ìwé. Òǹkọ̀wé, ògbufọ̀ àti ayafọ́tò ni. Ó ti bí ọmọkùnrin kan, Stéphane Hébert, nínú ìgbéyàwó àkọ́kọ́ kí òun àti Cortázar tó pàdé ní Montreal ní ọdún 1977. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá a ní Paris, tí wọ́n sì di tọkọtaya.

Nígbà tí wọ́n gbéra ìrìn-àjò náà, Cortázar jẹ́ ẹni ọdún 67, Dunlop sì jẹ́ ẹni ọdún 36. Ara kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, Cortázar ṣàìsàn gidigidi ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ẹ̀jẹ̀ dà nínú ikùn rẹ̀, àwọn dókítà sì ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn èyí tí ìrìn-àjò náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ náà

Ọkọ̀ tí wọ́n lò jẹ́ ọ̀kan lára irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1950. Oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan, Ben Pon, ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ní ọdún 1947. Irú ọkọ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Èkó wá mọ̀ sí dánfó. Ní Yúróòpù, ìlò mìíràn tún wà fún un. Láti ọdún 1951 ni ilé-iṣẹ́ Westfalia ti ń tún inú rẹ̀ ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ máa sùn lọ́nà: wọ́n a fi àga tí ó ṣeé tẹ́ bí ibùsùn sí i, pẹ̀lú àpótí ìkẹ́rùsí, àyè ìdáná àti àgbá omi. Ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ilé ìtura. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni ilé rẹ̀.

Cortázar pe ọkọ̀ tirẹ̀ ní Fafner. Orúkọ náà wá láti inú àwọn eré olórin tí Richard Wagner kọ, nínú èyí tí òmìrán kan tí ń jẹ́ Fafner ti sọ ara rẹ̀ di dírágónì kí ó lè máa ṣọ́ ìṣúra. Àwọ̀ pupa ọkọ̀ náà àti ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá orúkọ yìí mu. Nínú ìwé wọn, Fafner kì í ṣe ohun èlò lásán. Ó jẹ́ ẹnì kẹta nínú ìrìn-àjò náà, ó ní ìwà tirẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ibi tí ó kọjú sí sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá dúró sí. Àwọn tọkọtaya náà ní orúkọ àpèlé pẹ̀lú: Cortázar ni Ìkookò, Dunlop ni Béárì Kékeré.

Òpópónà náà àti àwọn ibi ìsinmi rẹ̀

Òpópónà márosẹ̀ méjì ni ó so Paris mọ́ Marseille. A6 ń ti Paris lọ sí Lyon, ó ń gba ẹ̀bá Fontainebleau, Auxerre, Beaune àti Mâcon kọjá. A7 ń ti Lyon lọ sí Marseille, ó ń tẹ̀lé àfonífojì odò Rhône gba Vienne, Valence, Montélimar àti Orange. Ọdún 1970 ni iṣẹ́ parí lórí ọ̀nà náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Gígùn rẹ̀ súnmọ́ 800 kìlómítà. Ní àsìkò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbà lọ sí etíkun Mẹditaréníà, ìyára sì ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà, awakọ̀ yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ibodè nígbà tí ó bá ń wọlé, yóò sì san owó ní ibodè tí ó bá gbà jáde. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ti wọlé kò gbọ́dọ̀ jáde láìsanwó. Àwọn ibi ìsinmi ni a ṣe fún ìdí yìí, kí ènìyàn lè sinmi láìkúrò lójú ọ̀nà. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ibi ìsinmi lásán, tí ó ní igi, tábìlì, omi àti ilé ìyàgbẹ́. Èkejì ni èyí tí ó ní ilé epo, ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, àti nígbà mìíràn ilé ìtura.

Ibi ìsinmi yàtọ̀ sí ibùdó àgọ́. Ní ibùdó àgọ́, arìnrìn-àjò máa ń forúkọ sílẹ̀, a ó sanwó, a ó sì fi àyè kan hàn án tí yóò jẹ́ tirẹ̀ fún òru kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ìwẹ̀ àti iná mànàmáná sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò a sì máa kí ara wọn. Ibi ìsinmi kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn a dé, wọ́n a jẹun, wọ́n a lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí Cortázar àti Dunlop ṣe ni pé wọ́n sọ ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé di ibùdó àgọ́.

Òfin ìrìn-àjò náà

Lójú ọ̀nà yìí kan náà ni èrò náà ti wá. Cortázar ní ilé kan ní abúlé Saignon ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó sì máa ń gba òpópónà náà lọ sí ibẹ̀ láti Paris. Bí òun àti Dunlop ṣe ń dúró sinmi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, wọ́n ṣàkíyèsí pé bí ènìyàn bá kẹ́yìn sí ìró àwọn ọkọ̀, ayé mìíràn wà lẹ́yìn àwọn igi náà. Wọ́n gbèrò láti wo ayé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n àìsàn àti iṣẹ́ mú kí wọ́n sún ìrìn-àjò náà síwájú.

Òfin mẹ́rin ni wọ́n fi de ara wọn. Èkíní, wọn kò gbọdọ̀ kúrò lórí òpópónà náà títí wọn yóò fi dé Marseille. Èkejì, wọn yóò dúró ní gbogbo ibi ìsinmi, méjì lójúmọ́, wọn yóò sì sun èkejì láìyẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọn yóò ṣe ìwádìí ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọn yóò sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, wọn yóò fi ìrìn-àjò náà kọ ìwé, bí àwọn arìnrìn-àjò ńlá ayé àtijọ́ ti ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà ní àwàdà nínú, ṣùgbọ́n wọn kò fi òfin náà ṣeré. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó òpópónà náà láti ṣàlàyé èrò wọn, nítorí pé òfin kò gba ọkọ̀ láyè láti pẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ lójú ọ̀nà náà. Lẹ́tà ọ̀hún wà nínú ìwé wọn.

Ìgbé-ayé ojoojúmọ́

Bí a bá pín 800 kìlómítà sí oṣù kan, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ lójúmọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń wakọ̀, wákàtí tí ó kù sì jẹ́ ti ibi ìsinmi. Wọ́n a kúrò ní ibi tí wọ́n sùn ní òwúrọ̀, wọ́n a dé ibi àkọ́kọ́, wọ́n a jẹun ọ̀sán, lẹ́yìn náà wọ́n a lọ sí ibi kejì tí wọn yóò sùn. Wọ́n a wá ibòji igi, wọ́n a gbé tábìlì àti àga kíká tí aṣọ rẹ̀ ní òdòdó jáde, oníkálùkù a sì jókòó ti táípúráítà tirẹ̀.

Wọ́n ń kọ wákàtí tí wọ́n dé, bí ojú ọjọ́ ti rí, oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Wọ́n ń kọ nípa kòkòrò, nípa ẹyẹ, nípa àwọn awakọ̀ akẹ́rù tí ń sùn nínú ọkọ̀ wọn, àti nípa àwọn arìnrìn-àjò tí ń sáré lọ bí ẹni tí a ń lé. Dunlop ń ya fọ́tò. Nítorí pé wọn kò lè jáde lọ sí ọjà, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń gbé oúnjẹ tútù wá bá wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n fi èyí ṣàwàdà pé àwọn ń sá fún àrùn tí ó máa ń pa àwọn atukọ̀ òkun ayé àtijọ́ nígbà tí èso àti ewébẹ̀ bá tán nínú ọkọ̀.

Ìwé náà

Orúkọ ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì dá sílẹ̀ fúnra wọn. Nínú autonauta, wọ́n so auto, tí ó dúró fún mọ́tò, pọ̀ mọ́ nauta, tí ó túmọ̀ sí atukọ̀, bí ó ti wà nínú orúkọ tí a ń pe àwọn tí ń rin ìrìn-àjò ojú òfurufú. Nínú cosmopista, wọ́n mú autopista, ọ̀rọ̀ Sípéènì fún òpópónà márosẹ̀, wọ́n yọ auto kúrò, wọ́n sì fi cosmo, èyí tí ó dúró fún gbogbo àgbáyé, rọ́pò rẹ̀. Orúkọ náà ń sọ pé ẹni tí ó bá rọra rìn lè rí àgbáyé lójú ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn kò ti rí nǹkan kan.

Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, àròkọ, fọ́tò, ìtàn-àròsọ àti lẹ́tà ni ó wà nínú ìwé náà. Calac àti Polanco, ẹ̀dá-ìtàn méjì tí Cortázar ti lò nínú ìwé rẹ̀ 62/Modelo para armar ní ọdún 1968, tún yọjú níbẹ̀. Stéphane Hébert, ọmọ Dunlop, ni ó ya àwòrán àwọn ibi ìsinmi náà lẹ́yìn tí ìrìn-àjò ti parí. Ní ọdún 1983 kan náà ni ìwé náà jáde ní èdè Sípéènì àti ní èdè Faransé. Anne McLean túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2007.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ sábà máa ń gbé ìwé yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn kúkúrú tí Cortázar ti kọ ṣáájú, La autopista del sur, tí ó wà nínú àkójọ ìtàn rẹ̀ ti ọdún 1966. Nínú ìtàn yẹn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ há àwọn ọkọ̀ tí ń padà sí Paris mọ́ òpópónà kan náà. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ojú ọjọ́ ń yí padà, àwọn tí ọkọ̀ wọn há síbẹ̀ di ẹbí: wọ́n ń pín omi àti oúnjẹ, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, ìfẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Lójijì ọ̀nà là, oníkálùkù sáré lọ, kò sì sí ẹni tí ó rí ẹnìkejì mọ́. Nínú ìtàn náà, tipátipá ni àwọn ènìyàn fi dúró. Ní ọdún 1982, Cortázar àti Dunlop fi ìfẹ́ inú ara wọn dúró.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò náà

Kò pẹ́ tí wọ́n dé Marseille tí àwọn méjèèjì fi lọ sí Nikarágúà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ràn, tí wọ́n sì ń ṣàtìlẹ́yìn fún ìjọba Sandinista tí ó wà níbẹ̀. Dunlop ya fọ́tò àwọn ọmọdé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, wọ́n sì padà sí Paris. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1982, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n dé Marseille.

Cortázar to ìwé náà jọ, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan sí i ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ó sọ níbẹ̀ fún òǹkàwé pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù láti parí ohun tí ẹni méjì gbé, tí ẹni méjì sì kọ. Kò yọ ẹ̀rín tí ó wà nínú àwọn ojú-ewé ìṣáájú kúrò. Owó tí ìwé náà bá pa ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará Nikarágúà. Cortázar fúnra rẹ̀ kú ní Paris ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1984. Aurora Bernárdez, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ibojì kan náà pẹ̀lú Dunlop ní itẹ́ òkú Montparnasse.

Pàtàkì rẹ̀

Ìrìn-àjò náà kò jìnnà, kò sì náni lówó púpọ̀. Òpópónà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, ibi tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń kọjá láìwẹ̀yìn. Ohun tí àwọn méjèèjì fi kún un ni àkókò, èyí tí kò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìgbẹ̀yìn ìtàn náà yóò ka àkọsílẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán, ibòji igi àti ibi tí Fafner kọjú sí ní ọ̀nà mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ní oṣù kan nínú ọdún 1982, tọkọtaya kan jókòó ti ara wọn lójúmọ́, wọn kò sì kánjú láti dé ibi tí wọ́n ń lọ.